Ọkọ̀ Tó Ń Fi Ìdí Yà

Ọkọ̀ ni Bọ̀dá Ràúfù sọ fún mi, kò sì purọ́. Ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt ni. Ó pè láti ibẹ̀ sórí fóònù aládùúgbò wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé tí gbogbo agboolé ń pín ẹyọ kan lò. Ó ní, "Máa bọ̀ jàre. Iṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ níbí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò pọ̀." Kí ni mo tún fẹ́ bi í? Mẹkáníìkì ni bàbá mi kó tó kú, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí Píjò bá ń bọ̀ lókèèrè, mo lè sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dúró. Mo di sípánà mi sínú àpò, màámi gbàdúrà fún mi, mo sì forí lé ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkọ̀ kan wà láyé tí kò ní táyà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ni Bọ̀dá Ràúfù mú mi lọ síbi iṣẹ́. A gba inú Old GRA kọjá, láàárín àwọn ilé ayé òyìnbó tí ọgbà wọn tóbi ju ilé lọ, títí ilẹ̀ fi rọra sọ̀kalẹ̀ bá omi. Ojú mi ń wá ilẹ̀ tí epo dúdú ti rin gbingbin, ó ń wá mọ́tò tí wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ni mo rí, omi dúdú tí ẹrọ̀fọ̀ ń rùn létí rẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi funfun tí wọ́n fà gòkè lé orí igi.

"Bọ̀dá, ọkọ̀ dà?"

"Kí lo wá pe ìwọ̀nyí?"

"Ọkọ̀ ojú omi nìyẹn."

"Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ọkọ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wá wo inú ẹ̀ kó o tó sunkún."

Ó ṣí ìdérí kan ní ìdí ọ̀kan nínú wọn. Ẹńjìnnì mọ́tò ló jókòó síbẹ̀ rèǹtè-rente, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó ní òyìnbó ló gbé e sínú ọkọ̀ omi, tó dá ihò sí ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tó wá so irin ńlá kan mọ́ ọn níta. Irin náà sọ̀kalẹ̀ wọ inú omi, fáànù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pe irin náà. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn níwájú, ẹsẹ̀ á yí lẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yà. Mo gbọ́ gbogbo àlàyé yẹn, ṣùgbọ́n omi ni mo ń wò.

Ó yẹ kí n padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ni kò jẹ́. Àwọn ẹbí ti sìn mí dé gáréèjì, wọ́n ti ní kí n má gbàgbé wọn bí nǹkan bá ṣẹnuure. Báwo ni màá ṣe padà kí iná tí wọ́n fi sebẹ̀ ìdágbére mi tó kú?

Ohun tó wà láàárín ìdílé wa àti omi nìyí. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Sùlé. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wẹ̀ nínú odò kan lẹ́yìn ìlú nígbà tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, kò bá wọn bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni màámi ti fi odò ṣe èèwọ̀ fún àwa ọmọ wọn tó kù. Bí a bá wọ mọ́tò tí mọ́tò sì fẹ́ gun afárá, wọn á di ọwọ́ wa mú títí a ó fi rékọjá. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún pé etí omi ni mo ti ń jẹun?

N kò sọ fún wọn. N kò sì purọ́ fún wọn, èdè Yorùbá ló bá mi fi aṣọ bò ó. Nígbàkúùgbà tí a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni: "Ọkọ mi, ọkọ̀ ńkọ́?" Ọkọ mi ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe ọmọkùnrin.

"Ọkọ̀ wà, Màámi. A dúpẹ́."

"Ṣé ó ń rìn dáadáa?"

"Ó ń rìn, Màámi."

Wọn á wá gbàdúrà pé kí táyà má fọ́ lábẹ́ ẹnikẹ́ni tí mo bá tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Èmi á ṣe àmín, ojú á sì máa tì mí bí ẹni tó ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíràn.

Tonye ló ni ọgbà ọkọ̀ náà. Ọmọ Kalabari ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ṣe máa kí ọ̀gá nílé. Ó fò sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ lábẹ́ mi.

"Wetin fall?" ó bi Bọ̀dá Ràúfù. "E don see am?"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín títí. Ngbàtí ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀tì kan bá ti jábọ́, ẹnì kan á pariwo pé kí wọ́n pe Ngbàtí kó wá dọ̀bálẹ̀ wá a. N kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nàró ṣánṣán sọ pé, "Oga, good morning," ṣùgbọ́n orúnkún mi kò kọ́ ọ bọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó dẹ́kun títẹ̀, mo sì máa ń díbọ́n pé ńṣe ni mo fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà tí mo ń wọ̀ kò ní okùn.

Rumuokwuta ni mo gba yàrá sí. Nírọ̀lẹ́, òórùn bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun á gba oríta kan, àwọn èèyàn á máa ṣẹ̀fẹ̀, èmi á dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n gbé sílẹ̀ dé onílé. N kò tíì gbọ́ Píjìnì dáadáa. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rẹ́rìn-ín tèmi lẹ́yìn tí tiwọn bá ti parí. Nígbà kan mo tẹ̀ lé ọkùnrin kan jìnnà nítorí pé ó ń sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ lórí fóònù. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo fẹ́ bá a sọ, mo kàn fẹ́ máa gbọ́ ni. Nígbà tó wẹ̀yìn tó ní, "Bros, how far?" mo ní mo ṣìnà ni, mo sì yí padà kíákíá.

Àwọn tó lọ sí òkè òkun ni à ń pè ní ará ìdálẹ̀ nílé, àwọn tó gun bàálù. Èmi kò kúrò ní Nàìjíríà, owó kan náà ni mo ń ná, ààrẹ kan náà ni à ń bú. Nítorí náà, n kò rí ẹni tí mo lè ráhùn sí. Ta ni màá sọ fún pé àárò ilé ń sọ mí nígbà tí ẹni tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ lè dé ilé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú?

Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún mi. Ẹńjìnnì kò mọ̀ bóyá orí ilẹ̀ lòun wà tàbí orí omi, mo sì ń tún un ṣe bó ṣe yẹ. Òfin Tonye ni wàhálà. Ó ní, "Who tight am, na him go ride am." Ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọkọ̀ náà wọ omi, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiṣẹ́ ojú ayé. Ní ti èmi, bí wọ́n bá ti ń ti ọkọ̀ sínú omi ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Bí kò bá jẹ́ inú rírun, ààwẹ̀ ni. Bí kò bá jẹ́ ààwẹ̀, ìrun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bọ̀dá Ràúfù ló máa ń gbà mí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lẹ ara ọkọ̀ tó bá ya, omi kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó máa ń gba fìlà mi dé kó tó wọ inú ọkọ̀, kí Tonye lè rò lókèèrè pé èmi ni. Èmi á wá jókòó lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ láìdé fìlà, àgbàlagbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, títí wọ́n á fi dé.

Báyìí la ṣe ń ṣe é títí Madam Ibiso fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, orí rẹ̀ funfun báláú, ó ń gbé ní Rumuibekwe. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wà á lọ sí ìlú wọn láàárín omi, a ró ìró mọ́dìí, a dé fìlà oòrùn.

"My steering dey loose," ó ní. "I go turn am, the leg go first think am."

Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́. Sítíárìn tó dẹ̀, mo ti tún un ṣe lára mọ́tò tí n kò lè kà tán. Mo wọ abẹ́ ibi tí ọwọ́ sítíárìn wà níwájú, mo rí nọ́ọ̀tì tó ti tú, mo fún un. Mo rí ibi tí wáyà tó lọ sẹ́yìn ti dẹ̀, mo fà á le. Ìgbà tí mo fi máa ṣe tán, sítíárìn náà ti le lọ́wọ́ bí tọkọ̀ tuntun. Madam Ibiso dì í mú, ó mì ín, kò gbọ̀n. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe mẹkáníìkì orí ilẹ̀ ni. Mọ́tò, iwájú ló fi ń yà. Bí sítíárìn rẹ̀ bá dẹ̀, iwájú ni à ń wá a sí, a ò ní kí ẹnì kan lọ wo bọ́ọ̀tù. Ọkọ̀ omi, ìdí ló fi ń yà. Orí rẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé ibi tí ìdí bá jù ú sí ni. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí àìsàn kò sí.

Ìgbà Iléyá ni, Bọ̀dá Ràúfù ti lọ sílé. Tonye nawọ́ sí ọkọ̀ náà. "Ngbàtí, enter."

"Oga, my belle..."

"Which kain belle be this wey dey pain only when boat ready?"

Gbogbo ọgbà yíjú sí mi láti gbọ́ èsì mi. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, fìlà àti gbogbo rẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo wọ méjì léra, mo sì wọ inú ọkọ̀.

Etí omi náà kò burú. Madam Ibiso rọra ń lọ, ó ń fi igbó ẹ̀gbà hàn mí, igi tó ta gbòǹgbò sínú omi, ó ń sọ orúkọ ẹja fún mi. Mo ń dáhùn, "Yes, Ma," ojú mi sì dúró sí ẹsẹ̀ mi. Bí a ṣe jáde sí gbangba, ọkọ̀ ńlá kan tó ń gbé ẹrù sáré kọjá níwájú wa, ó da omi sókè. Madam yí sítíárìn kí á lè fi imú pàdé ìgbì náà. Sítíárìn yí, ó le lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe fún un. Ẹsẹ̀ dúró ronú. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ gba omi, ó fì gbẹ̀rẹ̀, omi tútù gbá mi lójú, n kò sì mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Mo di ìbàdí obìnrin arúgbó náà mú, mo fi orí pamọ́ sínú ìró rẹ̀, mo sì kígbe tagbáratagbára.

"Màámi o! Màámi! Ẹ gbà mí o, Màámi!"

Ó gbá mi lórí. "Shut up! Who you dey call for water? You want make she answer?"

N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó tún ọkọ̀ náà darí, ó ń yí sítíárìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń bẹ ewúrẹ́ lọ́nà ọjà, títí a fi padà dé èbúté. Wọ́n ti ń dúró dè wá. Omi a máa gbé ohùn jìnnà, gbogbo wọn ló gbọ́ mi.

"Ngbàtí dey call Mami Wata!" ẹnì kan kígbe. "Mami! Mami! Come save me!"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyá mi ni mo ń pè, Màámi, bí gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe ń pè é bí ojú bá pọ́n ọn. Wọ́n rò pé obìnrin inú omi ni mo ń ké pè, èmi Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, "No be that one, na my mama," ni èyí bá wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń pe Mami Wata, èèyàn lè bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tó ń pe ìyá rẹ̀, tó di ìró obìnrin mú, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Tonye rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Omi ni wọ́n wò ní tèmi, orúkọ mi sì di Mami.

N kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo dùbúlẹ̀, bí mo bá sì ti dijú, ìró Madam Ibiso ni mò ń rí, aláwọ̀ ewé, olódòdó pupa. Bí ìyàwó kan nínú ilé bá rẹ́rìn-ín níta, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mi ti dé Rumuokwuta. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta méjèèjì, ẹ̀sín ni mo rà, mo sì yára gbà á. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Mo ti pinnu pé bí Bọ̀dá Ràúfù bá ti dé, màá gbé sípánà mi, màá padà sílé, màá sọ fún wọn pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá mi lára mu.

Bọ̀dá Ràúfù dé, ó gbé ẹran Iléyá díndín tí màámi fi rán an sí mi. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó ń wò mí, mo rí i pé ó ti gbọ́.

"Ṣé ẹ sọ fún màámi?"

"Sọ kí ni? Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kó o máa rọra wakọ̀. Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ." Ó mú ẹran kan, ó jẹ ẹ́. "Madam náà ní kí n jẹ́ iṣẹ́ tiẹ̀. Ó ní sítíárìn òun ṣì dẹ̀. Ó ní Mami ni kó wá parí iṣẹ́ ẹ̀."

"Kí wọ́n fún ẹlòmíràn ṣe. Ilé ni mò ń lọ, Bọ̀dá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní rárá. Ó ní, 'Na person wey dey fear water I want make e touch my steering. The ones wey no dey fear, dem don manage am for me tire.'"

Mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ ìgbà tó bọ́. Ẹ̀rín náà kò pa ìtìjú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rí ẹran jẹ.

Nígbà tí mo padà sí ọgbà, wọ́n kí mi káàbọ̀ bó ṣe yẹ kí n retí. "Mami! Mami don land!" Mo gba abẹ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá bí ẹni gba abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà gòkè. N kò fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Mo ní kí Bọ̀dá Ràúfù dúró níta lẹ́yìn, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú, kó máa mì ín sọ́tùn-ún sósì. Èmi wọ inú, mo dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹńjìnnì, níbi tí apá irin kan wà tí wáyà ń tì, tí apá náà sì ń yí ẹsẹ̀.

"Ẹ mì ín, Bọ̀dá."

"Mò ń mì ín! Ó ń rìn lọ́wọ́ mi."

Apá irin tó wà lójú mi kò mira. Ẹsẹ̀ ń rìn níta, apá dúró nínú. Àárín àwọn méjèèjì ni àìsàn náà wà nígbà náà, níbi tí ọ̀pá irin kan ti gba ara ògiri ọkọ̀ kọjá láti inú lọ sí ìta. Níta ni òrùka irin ńlá kan ti di orí ọ̀pá náà mú, òrùka náà ló sì gbé ẹsẹ̀. Orí ọ̀pá yẹn ní igun, igun rẹ̀ ló fi ń di òrùka mú. Igun ti jẹ, ó ti ń di róbótó. Mo fún àwọn bóòlùtù tó so òrùka náà pọ̀, ó le díẹ̀, ó tún dẹ̀.

Tonye bẹ̀ wò ó. "Cut milk tin, pack am," ó ní. "E go hold."

Òótọ́ ni, agolo mílíìkì lè mú un dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Bí èmi bá jẹ́ akínkanjú, màá ti gé agolo náà.

"Oga, na me go ride am," mo ní. "I no fit ride milk tin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Tonye náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí Èkó fún ọ̀pá tuntun àti òrùka rẹ̀. Ńṣe la gbé ẹńjìnnì jáde pátápátá kí ọwọ́ tó lè débẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń kan ilé tí òun máa sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bá mi ṣe é, n kò ní fi iyì sí i.

Ọjọ́ tí a gbé e padà sómi, mo wọ ẹ̀wù ọsàn mi méjèèjì. Wọ́n to ara wọn sí èbúté láti gbọ́ orin. Mo fi eyín di etí fìlà mi mú, kí ẹnu mi má baà rí àyè. Nígbà tí a dé gbangba, Madam Ibiso kò dúró de ìgbì. Ó yí sítíárìn lójijì, ìdí ọkọ̀ sì gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó yà wìì. Ó yí i sí òdìkejì, ó tún gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré tó gun jangirọ́fà.

"The leg no dey think again!" Ó wẹ̀yìn wò mí. "Mami, you no go call your mama today?"

N kò lè dáhùn, fìlà wà lẹ́nu mi. Omijé wà lójú mi pẹ̀lú, mo sì ṣe bí ẹni pé omi tó ń ta sí wa ni.

Mo ti pẹ́ ní Port Harcourt báyìí. Mo fẹ́yàwó síbẹ̀, Píjìnì àwọn ọmọ mi já gaara ju Yorùbá wọn lọ. Bí sítíárìn bá dẹ̀ lára ọkọ̀ tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn, èmi ni wọ́n ń wá wá, wọ́n á ní kí wọ́n pe Mami, nítorí Mami kì í fi agolo dí nǹkan. Iyì ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Èmi mọ̀. Bí wọ́n bá pè é, ìró aláwọ̀ ewé yẹn ló ń gba ojú mi kọjá, n kò tíì kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ọkàn mi ṣì ń já bí èbúté bá ti fi wá sílẹ̀. Mo ti wá rí i pé èmi náà kì í fi iwájú yà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo ń tejú mọ́ ibi tí mò ń lọ, ẹ̀yìn ló ń darí mi: odò kan lẹ́yìn ìlú wa, ọwọ́ màámi lórí afárá.

Láìpẹ́ yìí ni màámi pè mí ní ọ̀sán gangan, mo wà nínú ọgbà. Wọ́n ti darúgbó, ohùn wọn ti tín-ín-rín.

"Ọkọ mi, ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wà, Màámi."

Tonye kígbe láti ìdí ọkọ̀ kan. "Mami! Mami! Come hold this leg!"

Màámi gbọ́ ọ lórí fóònù. "Ta ló ń pè mí níbẹ̀ yẹn?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Màámi."

"Mo gbọ́ o. Ó ní Màámi. Ọmọ ta ni?"

Mo lè sọ pé ọmọ aládùúgbò ni. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí ni. Mo ní, "Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Màámi." Mo sì sọ fún wọn, ìdúró tí mo dúró níbẹ̀, pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Mo ní ọkọ̀ omi ni. Mo ní ọkọ̀ omi ni láti ọjọ́ kìíní. Mo sọ bí omi ṣe gbá mi lójú àti bí mo ṣe kígbe, mo sọ ti ìró obìnrin náà pẹ̀lú, ojú ń tì mí bí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Màámi? Ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi lo pè?"

"Ẹ̀yin ni mo pè."

"Sùlé náà á ti pè mí," wọ́n ní. "N ò gbọ́ tiẹ̀."

Tonye tún kígbe orúkọ náà, ó ti ń bínú.

"Wọ́n ń pè ọ́," màámi ní. "Dá wọn lóhùn."

Mo ní, "Mò ń bọ̀ o!" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, mo sì pariwo rẹ̀, fóònù náà wà lẹ́nu mi, kí wọ́n lè gbọ́.